Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn ìpànìyàn tí ọmọ ọdún 10 máa tú fúnra rẹ̀

Ọmọ ọdún 10 kan ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ló kọ́kọ́ bí mi. Ọ̀sán Sátidé ni, ní pálọ̀ mi níbí ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́fà jókòó sórí ẹní, mò ń ka ìtàn tí mo fi oṣù márùn-ún kọ fún wọn. Wọ́n pa ọlọ́rọ̀ kan, ọmọbìnrin kan sì ń wá ẹni tó pa á. Nígbà tí a dé orí kẹsàn-án, bàbá ọmọ náà mú un lọ sọ́dọ̀ babaláwo, babaláwo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ó sì dárúkọ apànìyàn. Mo gbójú sókè, mò ń retí kí wọ́n pariwo. Èyí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní, “Mọ̀mí, kí la wá ń ka orí mẹ́jọ fún?”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo pín bisikíìtì fún wọn, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó di alẹ́ kí n tó gbà pé ọmọ náà kò rí mi fín. Láti orí kejì ni wọ́n ti ń jiyàn, tí wọ́n ń sọ pé ìyàwó ni, pé rárá, dírẹ́bà ni. Iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń ṣe. Èmi ni mo já a gbà lọ́wọ́ wọn, tí mo gbé e fún ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Àwọn Òyìnbó ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà tipẹ́. Ní 1929, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, tí òun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé apànìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òǹkàwé ti bá pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Èkejì ni pé kò gbọdọ̀ sí ọwọ́ agbára àìrí níbẹ̀. Ẹ má tìtorí èyí lé babaláwo kúrò nínú ìtàn yín o. Òṣogbo tí kò sí babaláwo, tí kò sí àáfà, tí kò sí wòlíì, Òṣogbo ibo nìyẹn? Kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n tu ẹbí nínú, kí apànìyàn tó gbà wọ́n gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Orúkọ apànìyàn nìkan ni wọn kò gbọdọ̀ sọ. Ojú ọmọ náà ni orúkọ yẹn ti gbọ́dọ̀ wá.

Bí mo ṣe tún ìtàn náà kọ ni màá fi hàn yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún

Ọmọ ọdún 8 sí 12 ni mò ń sọ. Wọ́n ti lè dá ìwé kà, ṣùgbọ́n òru ṣì ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó máa tú àṣírí fi ọdún kan tàbí méjì ju òǹkàwé lọ, torí ọmọ ọdún 10 fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ ọdún 12 ṣe, kò fẹ́ gbọ́ ti àbúrò rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ orí yìí sábà máa ń wà láàárín ẹgbẹ̀rún 30 sí ẹgbẹ̀rún 50 ọ̀rọ̀. Ní Yorùbá, èmi kì í kọjá ẹgbẹ̀rún 20. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò rí Yorùbá kà àfi ní kíláàsì, ojú wọn kì í sì í yá lórí àmì ohùn. Orí kéékèèké ló bá wọn mu, èyí tí ẹ lè kà tán kí NEPA tó mú iná lọ.

Òkú kan tó. Kí ikú náà ṣẹlẹ̀ níbi tí ọmọ náà kò sí, ẹ má sì ṣàpèjúwe ọgbẹ́. Nínú ìtàn tèmi, sílípáàsì Alàájì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo kọ, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè gbé kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ dákẹ́ lọ gbári nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ohun tó sún apànìyàn ṣe é náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ mọ̀ láyé tirẹ̀: owó tí a jí, irọ́ tí a kò fẹ́ kó tú, owú láàárín ọmọ ìyá. Ọmọ tó ti yọ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ rí mọ bí àyà olè ṣe ń já. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àlè àti ogún ilẹ̀ tó lọ́jú pọ̀ sílẹ̀ fún ìwé àgbà.

Ẹ kọ ojú ewé apànìyàn

Kí ẹ tó kọ orí kìíní, ẹ kọ ojú ewé kan tí òǹkàwé kankan kò ní rí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, wákàtí sí wákàtí, láti ẹnu apànìyàn. Ẹni tó bá fo èyí á máa wá àmì kiri ní orí kẹwàá bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Tèmi nìyí. Alàájì kan ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá àgbà kan, ayálégbé rẹ̀, ń pa aṣọ láró ní ẹ̀yìnkùlé ilé náà. Àbúrò Alàájì ló ń gba owó ilé jọ, ó sì ti ń jí nínú rẹ̀. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, tí gbogbo ìlú kórajọ sí ààfin Àtáọ́ja, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, gbogbo wọn, tí iná náà sì ń jó mọ́jú. Ẹsẹ̀ ń dun Alàájì, kò lọ. Àbúrò yọ́ kúrò láàárín èrò, ó padà wálé láti lọ pààrọ̀ ìwé owó. Alàájì ká a mọ́ ọn. Wọ́n jà lórí àtẹ̀gùn, ó tì í, Alàájì sì ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ kán sí bùbá funfun àbúrò, bọ́tìnnì kan sì já. Ilẹ̀ ti ń mọ́, èrò ti ń padà bọ̀. Ó bọ́ bùbá náà, ó rì í bọ inú ìkòkò aró, ó sì sá a sáàárín aṣọ ìyá àgbà lórí okùn.

Kí ló dé tí mo fi yan aró? Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Nínú ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀ pàápàá, nígbà tí Láróoyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ tẹ̀dó síbẹ̀, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ìlú tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí “ta ló fọ́ ìkòkò mi?” kò yẹ kó máa yá ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìdí tó ṣe pàtàkì jù ni pé aró ń ṣe ohun tí ọmọ lè fojú rí.

Ẹ wá àmì nínú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe ní àdúgbò

Níbí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ìtẹ̀ka àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ ọmọ ọdún 12. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ ilé wọn. Mo lọ jókòó ti àwọn aláró, mo wo iṣẹ́ wọn, àmì mẹ́rin ni mo sì bá padà wálé.

Ẹ̀kíní, tí aṣọ bá jáde láti inú ìkòkò aró ẹ̀lú, kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé tútù tó fẹ́ jọ ìyeyè ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ náà bá padà láti ààfin ní ìdájí, tó rí aṣọ kan lórí okùn tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jọ ewé, aṣọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ará ilé ló ní àwọn kò kúrò nídìí iná mọ́jú.

Ẹ̀kejì, ìrìbọmi ẹ̀ẹ̀kan kì í mú aró dúdú. Aláró a máa rì í, a máa sá a, a tún rì í, lọ́pọ̀ ìgbà. Bùbá tí aró rẹ̀ rí rẹ́súrẹ́sú, tó ní àbàwọ́n káàkiri, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ṣe é. Àmì yìí ló gba ìyá àgbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ẹ̀kẹta, ìyá àgbà mọ iye aṣọ rẹ̀. 11 ló sá, 12 ló ká.

Ẹ̀kẹrin, aró tó bá wọ abẹ́ éékánná kì í tètè lọ.

Bí ẹ kò bá mọ aró, ẹ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, aláta, oníbúrẹ́dì, mẹkáníìkì. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni ẹ máa ń mọ̀ tí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ bó bá wo iṣẹ́ yín? Ẹ dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, èdè wa náà ní àmì tirẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í fi àmì ohùn sí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Nínú ìtàn mi, dírẹ́bà kan tó jẹ́ ayálégbé fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní ìdájí yẹn pé “mo wa loko”. Gbogbo ilé kà á sí oko, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní oko kankan, ló bá di afurasí. Ọmọ náà ló padà rí i pé “lọ́kọ̀” ni ọkùnrin náà ń sọ, pé inú ọkọ̀ ló wà, ó ń kó èrò láti Gbọ̀ngán bọ̀. Olùkọ́ Yorùbá tó bá ń ka èyí á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi kọ àmì ohùn sórí gbogbo nǹkan fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ẹ pa àmì mọ́ sí ojú táyé

Ẹ gbọ́dọ̀ fi gbogbo àmì han ọmọ, síbẹ̀ kó má fura. Ọ̀nà tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ẹ lè kó o sáàárín nǹkan mẹ́rin márùn-ún tó wà lórí okùn: ìró méjì, ìborùn, bùbá, aṣọ ìkélé. Bùbá ọkùnrin kí ló ń wá láàárín aṣọ obìnrin? Wọn kò ní bi ara wọn nígbà yẹn. Ẹ sì lè jẹ́ kí ariwo sọ ní gẹ́rẹ́ tí ọmọ náà bá ti rí àmì, kí òǹkàwé sáré tẹ̀lé ariwo.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀. Ní àdúrà ọjọ́ kẹta Alàájì, wọ́n gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì wá, àbúrò olóògbé ní kí wọ́n bá òun wá ṣíbí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé sọ pé ìlú Òyìnbó ló ń lọ. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ìtàn ń bá tirẹ̀ lọ.

Afurasí mẹ́rin, irọ́ mẹ́rin

Ẹ má kọjá mẹ́rin, àwọn ọmọ á máa dà wọ́n pọ̀. Tèmi ni àbúrò Alàájì, ìyá àgbà aláró tí òun àti Alàájì ti jọ jà lórí owó ilé, dírẹ́bà, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí Alàájì kò fẹ́ rí nítòsí ọmọbìnrin rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fi pamọ́. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn wá sí ilé lóru ní tòótọ́, lẹ́tà ló wá fi sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fa ilà sórí ìwé kan, kí ẹ kọ ibi tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní òun wà sápá kan, kí ẹ kọ ibi tó wà gan-an sí èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dìde kí ẹ lọ rìn ín. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba níwájú ààfin lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo wo aago. Mo tún rìn ín lálẹ́. Àwọn ọmọ Òṣogbo mọ ọ̀nà ìlú wọn, bí ẹ bá ní apànìyàn lọ tó bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú tí kò lè ṣeé ṣe, wọ́n á sọ fún yín láìbojúwẹ̀yìn. Ohun kan tí n kò ní ṣe ni kí n gbé ìpànìyàn sínú Igbó Ọ̀ṣun. Ibi ìjọsìn ni, UNESCO sì ti fi sára ogún àjùmọ̀ní àgbáyé láti 2005. Wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀, wọn kì í sì í pẹja nínú odò rẹ̀. Ẹnìkan sọ fún mi pé ìdí nìyẹn gan-an tí ìtàn á fi dùn níbẹ̀. Mo ní kí ó kọ tirẹ̀.

Báwo ni ọmọdé ṣe máa bi àgbà léèrè?

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí èyí. Nínú wọn, ọmọ á dúró síwájú àgbàlagbà, á ní, “Níbo lẹ wà ní aago mẹ́rin?” Ọmọ tó bá dán irú rẹ̀ wò ní agboolé tèmi, ìgbájú ni ìdáhùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọmọ tí a ń rán níṣẹ́ kò lè wọ̀. Ẹ rán an lọ ra epo, kó bá ìyàwó dírẹ́bà lẹ́nu fóònù. Ẹ jẹ́ kó jókòó kí wọ́n máa dirun fún un. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin máa ń sọ lórí ọmọ tí orí rẹ̀ wà láàárín itan onídìrí, bí ẹni pé kò létí, ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kó kúnlẹ̀ kí ènìyàn, kó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. Ìbéèrè tààrà kan ṣoṣo ni ọmọ mi bèèrè nínú gbogbo ìwé náà, ó sì kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Ẹ lo àṣà ìsìnkú náà. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti sin Alàájì, torí gbogbo èèyàn gbà pé ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ni. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ló rí bọ́tìnnì funfun ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọn kò sì kà á sí. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yìí tó ta sí ọmọ náà létí, níbi tó ti ń gbé omi fún wọn. Kò rí òkú rárá.

Ọlọ́pàá àti aago

Kò gbọdọ̀ dà bíi pé kò sí ìjọba nílùú. Nínú ìtàn mi, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹnìkan sì rántí ìjà owó ilé. Ní ọjọ́ keje, wọ́n wá mú ìyá àgbà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40. Òṣogbo ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí àríyànjiyàn pé ilé ẹjọ́ wà nítòsí. Ọjọ́ kan ṣoṣo wá kù fún ọmọ náà, ọjọ́ yẹn sì ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí gbogbo ẹbí máa pé. Ẹ kò nílò àlàyé òfin gùn jù báyìí. Ẹ sì má sọ ọlọ́pàá di òmùgọ̀. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ nípa aró ni wọn kò mọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí àṣírí bá tú

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà dá pàdé apànìyàn nínú yàrá. Ó máa ń yá òǹkọ̀wé lára, ṣùgbọ́n ẹ ń kọ́ ọmọ olọ́mọ pé kó dá lọ bá ẹni tó pa èèyàn. Ọmọ mi kọ́kọ́ sọ ohun tó rí fún àgbà obìnrin kan tó gbọ́n, ìyẹn sì sọ fún lémọ́ọ̀mù.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tẹ́ oúnjẹ. Ọmọ náà gbé ọpọ́n omi, ó ń bomi fọwọ́ fún àwọn àgbà bí ọmọdé ilé kankan ṣe máa ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹni àkọ́kọ́, ìyẹn fọwọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú èkejì. Mo ka ọwọ́ mẹ́sàn-án kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àbúrò Alàájì, mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á gùn ni. Ọkùnrin náà kò na ọwọ́ síta. Lémọ́ọ̀mù ń wò ó. Ọmọ náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, omi rèé.”

Lẹ́yìn èyí, ìpínrọ̀ díẹ̀ péré ni kí àlàyé gbà. Gbogbo ohun tó bá gba ojú ewé mẹ́ta láti ṣàlàyé ni ẹ kò fi hàn dáadáa lókè.

Ẹ fi bébà dán an wò

Ẹ ka ìtàn náà sókè fún àwọn ọmọ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé. Ẹ dúró lẹ́ẹ̀mejì, ní ìdajì ìtàn àti ní orí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré kó kọ orúkọ apànìyàn síbẹ̀ láìwo ti ẹnìkejì. Bí gbogbo wọn bá kọ orúkọ kan náà ní ìdajì, àmì yín ti hàn jù. Bí kò bá sí ẹyọ ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n títí dé ìparí, ẹ ti fi nǹkan pamọ́ fún wọn, ẹ padà sí orí kẹta.

Nígbà tí mo ka èyí tí mo tún kọ, ní orí tó ṣáájú ìgbẹ̀yìn, mẹ́ta kọ dírẹ́bà, méjì kọ ọ̀dọ́kùnrin. Èyí tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kọ “àbúrò Alàájì”, ó fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

Ó wò mí bíi pé mo ń dọ́gbọ́n bi í ni. “Mọ̀mí, ta ló ń fi ṣíbí jẹ àmàlà?”